Ta Ló Ń Jẹ Oúnjẹ Ọmọ Mi?

Nǹkan tó kọ́kọ́ bí mi nínú ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, ni aago méjìlá ọ̀sán.

Ní Ṣakí tí mo ti wá, aago méjìlá ọ̀sán kì í ṣe nǹkan kan. Tó o bá ń ránṣọ, wàá máa rán an lọ. Ẹni tó ń tajà ń tà. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé, wọ́n á jẹun níbẹ̀ tí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, ó parí. Ṣùgbọ́n ní Atakpamé, tí aago méjìlá bá ti lù báyìí, ó dà bíi pé wọ́n pa iná ìlú ni. Ṣọ́ọ̀bù á tì, ọ́fíìsì á tì, ilé ìwé á tú. Òkè ni gbogbo ìlú yẹn, wàá rí àwọn ọmọ nínú yunifọ́ọ̀mù kákí, àwọn kan ń gun òkè, àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, oníkálukú ń lọ jẹun nílé ẹ̀. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á sùn. Ó di aago mẹ́ta kí ìlú tó tún jí.

Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, obìnrin télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ọjà, ni oníbàárà kan gbé aṣọ wọlé nígbà tí aago méjìlá fẹ́ lù. Mo ti nawọ́ gbà á. Ọ̀gá mi bá rọra yọ ọ́ lọ́wọ́ mi, ó dá a padà fún un, ó ní kó máa bọ̀ tó bá di aago mẹ́ta. Obìnrin yẹn ò bínú o, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Èmi ni mo bínú. Mo ní ṣé báyìí lẹ ṣe ń lé oníbàárà ni? Ọ̀gá mi ò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò tíì gbọ́ Faransé, mo sọ ọ́ tẹ́rùn, ó sì ń mi orí sí mi bí ẹni pé mò ń kí òun.

Ó na ẹní sílẹ̀ fún mi kí n sùn. Mo ní mi ò sùn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀sán rán tèmi nìyẹn. Ọ̀gá mi ò ní wàhálà, ó ní kí n máa lo máṣíìnì náà tí òun bá ti lọ sílé, mo wá ń gba aṣọ àwọn tí ń gbé àdúgbò wa. Gbogbo ìlú ń sùn, èmi ń tẹ máṣíìnì. Mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ ni.

Bàbá Fèyí, ọkọ mi, ló kọ́kọ́ wá. Ríwáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gòkè lọ sí Burkina sì máa ń dúró lẹ́bàá títì níbẹ̀, iṣẹ́ wà. Nígbà tó rí yàrá méjì gbà, ó ní ká máa bọ̀, èmi àti Fèyí ọmọ wa. Bá a ṣe rìn ín kì í ṣe nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ti rin ọ̀nà yẹn rí mọ̀ ọ́n.

Ilé Màmá Ẹ́mílì la gbà. Opó ni, àwọn ọmọ ẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Notsé àti Lomé, wọ́n kó ọmọ wọn tì í. Ifẹ̀ ni wọ́n, kì í ṣe Ifẹ̀ tiwa o, Ifẹ̀ ti Atakpamé. Tó bá rọra sọ èdè ẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìlàjì, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ rédíò tí bátìrì ẹ̀ fẹ́ kú. Èyí tí mi ò bá gbọ́, á fọwọ́ júwe ẹ̀. Lọ́jọ́ tá a dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń gún nǹkan nínú odó, mo ní kí ni, wọ́n ní fùfú ni. Mo lọ wò ó. Iyán ni. Iyán tèmi yìí. Mo dúró síwájú odó yẹn, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Lọ́sàn-án, gbogbo ọmọ ilé yẹn á jókòó yí abọ́ ńlá kan ká lábẹ́ àtíbàbà, Màmá Ẹ́mílì náà á jókòó lórí àpótí láàárín wọn. Fùfú ni, tàbí àkùmẹ̀, ìyẹn ọkà àgbàdo, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á ní kó wá jẹun. Láwọn ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á pe èmi náà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Màá ní á gba ibi ire, mà, màá kúnlẹ̀ díẹ̀, màá kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹni tó pè ọ́ ti ṣe tiẹ̀, ìwọ náà ti ṣe tìẹ, kò sẹ́ni tó retí pé kó o jókòó ní tòótọ́. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, mo jókòó lẹ́ẹ̀kan nílé aládùúgbò wa, ojú tí ìyá mi fi wò mí látẹnu ọ̀nà, mi ò gbé òkèlè kejì.

Fèyí ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ní, o ò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbí. A ò mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá pè ọ́, kúnlẹ̀, sọ pé á gba ibi ire, kó o lọ jẹ tìẹ. Láràárọ̀ ni mò ń se oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ sínú kúlà kékeré kan tí ìyá ọkọ mi fún wa nígbà tá à ń bọ̀. Ìrẹsì, tàbí ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tèmi. Tó bá ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, á ṣílẹ̀kùn, á jẹ ẹ́, á padà lọ. Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, kúlà ti ṣófo, ó mọ́ nini.

Ọmọ mi wá ń rù.

Tíṣà ẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní láàárọ̀ ó máa ń ṣe dáadáa, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, á gbórí lé tábìlì, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó bi mí bóyá ó ń sùn dáadáa nílé. Kò bi mí bóyá ó ń jẹun, mo rò pé ojú ń tì í láti bèèrè. Inú bí mi sí i. Mo gbé Fèyí lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn aràn, ó lò ó tán. Ó tún ń rù.

Ọjọ́ Sunday ni ìyá ọkọ mi máa ń pè wá, kó lè rí ojú ọmọ. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò kí mi tán tó fi ní kí n gbé fóònù sún mọ́ Fèyí. Ó wò ó títí. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti dúró ni.

Ó ní, "Ìyá Fèyí, kí ló dé tí eegun ọrùn ọmọ mi yọ báyìí?"

Mo ní ó ń jẹun dáadáa, mà.

Ó ní, "Ẹ dá a padà fún mi. Ẹ̀yin ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, mi ò bínú sí yín. Jímọ̀ máa kọjá lọ́dọ̀ yín tí wọ́n bá gba ìsinmi ilé ìwé. Kó gbé e bọ̀ wá bá mi."

Bọ̀dá Jímọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń wakọ̀ àgbàdo láti Elavagnon, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, lọ sí Nàìjíríà. Mo wo Bàbá Fèyí kó lè sọ nǹkan kan. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Báyẹn ṣá. Bí ẹni pé iyọ̀ ni wọ́n ní kó fi ránṣẹ́.

A jà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní o ti gbé ọmọ mi fún wọn. Ó ní ọmọ òun náà ni, òun ò sì fẹ́ kó kú síbi tí òun mú un wá. Ó ní tí mo bá lè mú un sanra kí Bọ̀dá Jímọ̀ tó dé, kò ní lọ. Mo wọlé, mo jókòó ti Fèyí lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo ọrùn ẹ̀ tí ìyá ọkọ mi sọ. Mo ti fi ìyá mi sílẹ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀, àti ọ̀rẹ́, àti èdè tí mo lè fi bú èèyàn kó dùn ún. Gbogbo ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n wà lórí òkè yìí láìsí ọmọ yìí, kí ni mo wá ń ṣe níbẹ̀?

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Oúnjẹ ń tán, ọmọ ń rù. Ẹnì kan ló ń jẹ ẹ́. Mo bi Fèyí, ó ní òun ló jẹ ẹ́, ó dùn. Kò wojú mi. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n pọ̀, òun nìkan ni àlejò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá Ẹ́mílì ń ṣa ẹ̀pà lójúde, mo lọ dúró níwájú ẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ta ló ń jẹ oúnjẹ ọmọ mi?"

Ó gbójú sókè. Ó wò mí, ó padà sídìí ẹ̀pà ẹ̀.

Ó ní, "Wá wò ó fúnra ẹ lọ́sàn-án. O ò wálé lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ rí."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Inú mi gbóná débi pé ìrẹsì jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí aago méjìlá ṣe lù, mo fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀ lórí máṣíìnì, mo gun zémi, ìyẹn ọ̀kadà wọn, mo ní kó sáré. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ilé. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ wọlé, mo dúró síbi ògiri, mo ti ń to èébú sílẹ̀ lọ́kàn, ní Yorùbá àti ìwọ̀nba Faransé tí mo ti kọ́.

Àwọn ọmọ dé. Wọ́n fọwọ́ nínú omi kan náà, wọ́n jókòó. Fèyí ti inú yàrá wa jáde pẹ̀lú kúlà ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àfí, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan, sún láti fún un láyè, ó ní kó wá jẹun. Màmá Ẹ́mílì náà pè é.

Ọmọ mi gbé kúlà sílẹ̀. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó dáa gan-an, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Á gba ibi ire, mà." Ohùn mi ni. Ó gbé kúlà ẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́.

Mo yí ògiri ká, mo yọjú. Ó ṣí kúlà. Ó bu ìrẹsì sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ó ń jẹ ẹ́, kò gbé e mì. Lábẹ́ àtíbàbà, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan, ó gbórí sókè, ó ń gbọ́ wọn. Ó tu ìrẹsì yẹn sílẹ̀. Ó da ìyókù fún àwọn ewúrẹ́, ó da ẹran tó wà níbẹ̀ fún ajá. Ó fi etí yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ nu inú kúlà, ó nù ún dáadáa. Ó wá fẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó, ó ń dúró de aago mẹ́ta.

Gbogbo èébú tí mo tò sílẹ̀, mi ò rí ọ̀kan mú.

Nígbà tí mo yíjú, Màmá Ẹ́mílì ti dúró lẹ́yìn mi, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ní, "O rí àwọn tó ń jẹ ẹ́."

Mo ní ẹ ti mọ̀, ẹ ò sọ fún mi.

Ó ní, "Mò ń pè yín. Lójoojúmọ́ ni mò ń pè yín. Ìwọ, ọmọ ẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa sọ, ẹ ó kọjá. Mo ní bóyá ọwọ́ wa dọ̀tí lójú yín. Bóyá ẹ rò pé a fi nǹkan sí i."

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ la fi ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Ó wo Fèyí, tó ti dìde. Ó ní, "Ebi ń pa ọmọ, ó ń bọ̀wọ̀?"

Fèyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kí n tó bi í. Ó ní kí n má na òun. Ó ní mo ní òun ò gbọdọ̀ jẹ tiwọn. Ó ní nígbà tí òun ń dá jẹ tòun níwájú wọn, wọ́n bi òun bóyá ara òun ò yá, wọ́n ní aláìsàn nìkan ló ń dá jẹun níbí. Òun wá lọ ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé. Ó ní oúnjẹ yẹn ò kàn wọlé ni. Òun dà á nù kí n má baà mọ̀.

Mo ní, "Ó dáa. Lọ bá wọn jẹun."

Kò lọ. Ó wo ọwọ́ mi. Mo yé e ju bí mo ṣe yé ara mi lọ, ó mọ̀ pé mo lè sọ ọ́ báyìí kí n tún fojú sọ òmíì. Ojú ìyá mi látẹnu ọ̀nà ọjọ́sí, ó wà lójú mi nígbà yẹn, mo mọ̀.

Mo bá lọ síbi omi ìfọwọ́. Omi yẹn ti dúdú, ọwọ́ gbogbo ọmọ ilé ti kàn án. Mo fọwọ́ mi síbẹ̀, mo fà á jáde, mo jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, mo gé òkèlè. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbòmá ni, pẹ̀lú ẹja yíyan láti adágún Nangbéto. Ó kàn wọlé bẹ́ẹ̀. Ó dùn, inú sì tún bí mi pé ó dùn.

Àfí ní, "Màmá Fèyí ń gbé e mì bí ẹni tó ń gbé oògùn mì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá Ẹ́mílì gbá a lórí jẹ́jẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Fèyí wá jókòó ti itan mi. Ó wo ojú mi, ó wo abọ́, ó nawọ́. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn débi pé mo fẹ́ dá a dúró. Màmá Ẹ́mílì ní kí n fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Fèyí dé nírọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ fún un. Ó wá ní òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì máa ń jẹun ọ̀sán nínú abọ́ kan náà látọjọ́ tí òun ti dé. Mo ní o ò sì sọ fún mi? Ó ní mi ò bi òun. Ẹ fojú inú wò ó. Gbogbo ìgbà tí èmi àti ọmọ mi ń kúnlẹ̀ káàkiri, òun ti yó.

Látìgbà yẹn, tí aago méjìlá bá lù, mo máa ń ti máṣíìnì. Ọ̀gá mi rí mi tí mò ń jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan ní Faransé, ó sì yé mi: ó ní mo ti dé Atakpamé báyìí. Mò ń gbé kúlà lọ síbi àtíbàbà, màá da ọbẹ̀ ata mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi ń dà lójú àwọn ọmọ, Àfí sáré lọ mu omi, ó padà wá, ó tún tọ́ ọ wò. Nígbà tó yá, Màmá Ẹ́mílì fúnra ẹ̀ ló ń bèèrè pé ata yẹn dà. Mi ò purọ́, inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá wa ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Fèyí ò lè sọ fún ìyá ẹ̀ pé ọmọ ò wá mọ́. Tí màmá bá pè, fóònù ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó ti já bọ́, ohùn nìkan là ń gbọ́. Kò rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fèyí ti ń padà bọ̀. Ó kàn ń bèèrè ọjọ́ tí Jímọ̀ máa kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gba ìsinmi, mo di báàgì Fèyí. Mò ń dì í, mò ń tú u, mò ń dì í.

Ọ̀sán gangan ni Bọ̀dá Jímọ̀ gbé ọkọ̀ ẹ̀ dúró lẹ́bàá títì, ó rìn gòkè wá bá wa, òógùn bò ó. Bàbá Fèyí wà pẹ̀lú ẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, báàgì wà lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn ọmọ ti yí abọ́ ká, ìgbà díẹ̀ ló kù kí wọ́n padà sílé ìwé fún ọ̀sán tó kẹ́yìn.

Fèyí gbójú sókè, ó rí i. Ó ní, "Bọ̀dá Jímọ̀, ẹ wá jẹun."

Bọ̀dá Jímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Á gba ibi ire, ọmọ mi. Mo ti yó."

Ó ti fẹ́ kọjá. Fèyí dìde. Ọbẹ̀ dé ìgúnpá ẹ̀. Ó lọ bá a, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ọbẹ̀ kan aṣọ ẹ̀.

Ó ní, "A kì í sọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ fọwọ́ yín."

Bọ̀dá Jímọ̀ wo èmi. Mi ò fojú sọ nǹkan kan. Ó wo Màmá Ẹ́mílì, tó ti ń nu àpótí fún un. Ó ká ṣòkòtò ẹ̀ sókè, ó fọwọ́, ó jókòó. Fèyí jókòó tì í, ó ń ti ẹja sí iwájú ẹ̀.

Nígbà tó jẹun tán, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fèyí mú láàárín ìka méjì, ó fì í díẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló mú fóònù, tó pe Ṣakí. Ó bá màmá wa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo gbọ́ pé, "Màmá, ọmọ yìí ò ṣàárẹ̀." Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù fún mi. Mo kúnlẹ̀ lójú ibẹ̀, bí ẹni pé màmá rí mi.

Ó ní, "Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní, "Ó ti jẹun, mà."

"Ta ló bá a jẹ ẹ́?"

Mo wo abẹ́ àtíbàbà. Àfí ń fọ ọwọ́ Fèyí, ó ń bá a ṣeré pé ó máa da omi yẹn sí i lára. Mo wá ọ̀rọ̀ míì tí mo lè sọ, tí kò ní dun màmá wa. Mi ò rí i.

Mo ní, "Àwọn èèyàn ẹ̀ ni, mà."

Nẹ́tíwọ̀kì ò dúró, mò ń gbọ́ èémí ẹ̀, mò ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké ní ojúde ilé wọn ní Ṣakí, ojúde tí Fèyí ti kọ́ ìrìn.

Ó ní, "Ó dáa." Ó pa fóònù.

Mo tú báàgì. Màmá Ẹ́mílì kó iṣu fún Bọ̀dá Jímọ̀ kó gbé e fún ìyá tó wà lọ́hùn-ún, ó kó o sínú báàgì Fèyí kan náà, kò sí òmíì nílé. Nígbà tí mo gbójú sókè, Fèyí ti wọ bàtà ẹ̀, òun àti Àfí ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ìwé, wọ́n ń bá ara wọn sọ èdè Màmá Ẹ́mílì, ó sì yá ju bí mo ṣe lè gbọ́ ọ lọ.